Ṣé kí n san owó slot àbí kí n fi ṣòwò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán, ọdún kẹta rèé tí mo wà nílé ní Kàbbà. Ẹnì kan ní òun ní slot iṣẹ́ ìjọba fún mi ní Lọ́kọ́ja, ₦600,000 ló ń bèèrè. Màámi fẹ́ ta ilẹ̀ sí i. Èmi ń rò ó pé kí n kúkú fowó yẹn ṣòwò, àmọ́ mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tí ò níṣẹ́ ní Nàìjíríà ò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣé èmi nìkan ni mi ò rọ́nà lọ ni?

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò. Ẹ má talẹ̀ san owó slot o, ẹ jọ̀ọ́.

Ti rédíò yẹn ná. Wọn ò parọ́, bí wọ́n ṣe ń kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sẹ̀ ò bá tó wákàtí 20, aláìníṣẹ́ ni NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ń pè é, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 33.3% níparí 2020. Ní 2023 wọ́n gba ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tó rí owó níbẹ̀, oníṣẹ́ ni, ló bá di 4.1%. Tó o bá bá màmá ẹ ta gàrí lọ́jọ́ ọjà tí wọ́n sì fún ẹ lówó díẹ̀, ìwọ náà ti wà lára àwọn oníṣẹ́ nìyẹn! Torí náà kì í ṣe ìwọ nìkan, iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ló ṣọ̀wọ́n.

Ó dáa, kí ló dé tí ìjọba ò gbà yín? Owó tó ń wá láti Àbújá lóṣooṣù ni ìpínlẹ̀ fi ń sanwó oṣù, owó oṣù tó kéré jù sì kúrò ní ₦30,000 lọ sí ₦70,000 ní 2024, Kogí tiẹ̀ sọ tiwọn di ₦72,500. Ó dáa fáwọn tó wà nínú iṣẹ́, àmọ́ gómìnà tó ń san ìyẹn ò ní yára gba èèyàn tuntun. N-Power, ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ sì ń retí, wọ́n ti dá a dúró láti October 2023. Wá ṣírò ẹ wò, ₦600,000 ju odindi owó oṣù mẹ́jọ òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ lọ, lórí iṣẹ́ tó lè máà sí rárá, ká tó wá sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó san án àtẹni tó gbà á ni òfin ń mú.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe ìjọba, ńkọ́? Ọ̀gá wẹ́dà tó yẹ kó gba ọmọ iṣẹ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ owó wọn. Petirólù tí ò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023 ti kọjá ₦600 kọ́dún yẹn tó parí. Tó bá ní kóun yáwó, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé dé 27.5% ní November 2024, báǹkì á sì lé tiẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá bíi ti Ọbajánà wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà òwò tí ò nílò iná tí ò sì nílò owó yíyá ni kó o wá. Èmi á ní kaṣú. Ó pọ̀ lágbègbè wa, àwọn oníbàárà ń wá a dé inú oko láti bíi February títí dé May, pẹ̀lú èèpo ẹ̀ ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí Fiẹtináàmù àti Íńdíà (iṣẹ́ bíbó o tó yẹ kó wà níbí náà la ń kó fún wọn lọ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Má kàn kó ₦600,000 sí i lẹ́ẹ̀kan náà o, òkèèrè ni wọ́n ti ń dá owó ẹ̀, ó lè já lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ dúró ti ẹni tó ń rà á fún sáà kan, kó o mọ bí wọ́n ṣe ń la á wò kí wọ́n tó dá iye lé e àti bí wọ́n ṣe ń sá a gbẹ, torí èyí tí ò gbẹ máa bàjẹ́ nínú àpò ni. Lẹ́yìn náà fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó kù ṣì wà ní báǹkì.