PDF tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran kò lè kà

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ yín tí kò ríran kò lè ka PDF tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Àwòrán ojú ìwé ni PDF náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń kàwé sí akẹ́kọ̀ọ́ yín létí dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ gbìyànjú láti yan ìlà kan nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yàn, ẹ ṣe báyìí:

1. Bí fáìlì Word rẹ̀ bá ṣì wà, òun ni kí ẹ fún un. Ẹ lo Heading, ìyẹn àmì àkọlé inú Word, fún àwọn àkọlé. Kí lẹ́tà kàn nípọn kò tó, torí Heading ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń fò láti ìpín kan bọ́ sí òmíràn.

2. Bí kò bá sí, ẹ lo OCR, ètò tó ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ gidi, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ kà. OCR máa ń sọ “rn” di “m”.

Ti àwòrán inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “àwòrán 3” sí alt text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kà dípò àwòrán. Ẹ kọ ohun tó fi hàn: “ooru gòkè láti 20 dé 35”. Ohun tí àwọn yòókù ń fojú rí ló tọ́ sí òun náà.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà síta, lórí Windows. Ẹ fi gbọ́ ojú ìwé kan fúnra yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́.