Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Táyà Tírélà Tí Ń Jò Díẹ̀díẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi láti fi gbé táǹkì omi lọ sí oko adìẹ mi lọ́nà Mọ́níyà. Ọ̀kan nínú táyà rẹ̀, tí kì í lo túùbù, máa ń rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan bí mo bá ti fẹ́ ẹ tán, a kò sì rí ìṣó kankan lára rẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò ní kí n kúkú ra túùbù sí i. Ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i nílé? (Òǹkàwé kan, Ṣángo, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra túùbù. Tírélà tí omi ń dà sí lára, tí ó sì máa ń dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, ìdí ríìmù rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ibẹ̀ ni irin ti máa ń dípẹtà, tí ìpẹtà náà yóò sì máa ti etí táyà kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́.

Ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ kejì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi jáàkì gbé tírélà, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ tí ń jò, kí ẹ sì fẹ́ ẹ láì kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi kí ó ki díẹ̀. Ẹnu fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ kán an sí: bí ó bá ń hó níbẹ̀, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló tú tàbí ló gbó, ẹ ó sì rí òmíràn rà ní Géètì lówó pọ́ọ́kú. Bí ó bá jẹ́ ìdí fáàfù ló ń hó nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pààrọ̀ fáàfù náà látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi ọṣẹ yí etí ríìmù ká, níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì ní sùúrù, nítorí pé jíjò díẹ̀díẹ̀ kì í tètè fara hàn. Ìfófòó funfun kéékèèké tí ó ṣù jọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹ ó rí.

Bí ó bá jẹ́ ríìmù, ẹ tú gbogbo atẹ́gùn inú táyà dànù, kí ẹ sì jẹ́ kí fọkanáísà bá yín já etí rẹ̀ kúrò lára irin, nítorí pé agbára ẹsẹ̀ lásán kì í sábà ká a. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha ìpẹtà náà títí irin yóò fi dán, kí ẹ kùn ún lọ́dà, kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dá táyà padà. Túùbù tí a bá kì bọ inú ríìmù tó ti dípẹtà, ìpẹtà yẹn náà ni yóò máa họ ọ́, bí ó bá sì lu, kì í jò díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè bẹ́ lójú títì.

Ihò ìṣó tí kò ju mìlímítà 6 lọ, tí ó wà lójú ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀, ṣeé lẹ̀ láti inú. Ti ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣeé lẹ̀ rárá. Kí ẹ tó náwó kankan sí i, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2312 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe táyà náà, táyà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sì tọ́ sí àtúnṣe mọ́, bí ojú rẹ̀ ì báà tilẹ̀ nípọn bíi tuntun.