Bọ́ọ̀lù ti wọ̀ wá lára kí ọdún 1994 tó dé

Àbúrò, o ní wọ́n sọ fún ọ pé Ife Àgbáyé ọdún 1994 ló kó ìfẹ́ bọ́ọ̀lù sí ọmọ Nàìjíríà lára. O tún ń béèrè ìdí tí pápá líìgì wa fi ń ṣófo nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo Arsenal àti Chelsea ń kún fọ́fọ́. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars Ìbàdàn, tí àwa ń pè ní Sooting. Mo ti jẹ̀gbádùn rẹ̀, mo sì ti jìyà nídìí rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ti pẹ́ lára wa. Láti 1945 ni wọ́n ti ń du ife tí a padà mọ̀ sí Challenge Cup. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figagbága, ẹsẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a. Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà láàárín wọn.

Ní tiwa n'Íbàdàn, ọdún 1976 ni gbogbo rẹ̀ gbóná janjan. Shooting Stars, tó ń jẹ́ IICC nígbà náà, na Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù, wọ́n gba Cup Winners' Cup. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn. Ẹni tí kò rówó wọ pápá á jókòó ti rédíò, níbi tí Ernest Okonkwo ti ń ròyìn bí eré ṣe ń lọ. Òun ló sọ Segun Odegbami di Mathematical. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria 3-0 ní àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980, Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Ọmọ Sooting làwọn méjèèjì o! Ẹni tó gba ife fún orílẹ̀-èdè náà lo tún máa lọ wò ní pápá ìlú rẹ nígbà tí líìgì bá bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ yẹn ti ta gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Rashidi Yekini di àwọ̀n Bulgaria mú tó ń ké ní 1994, lẹ́yìn góòlù wa àkọ́kọ́ ní Ife Àgbáyé, ilẹ̀ Potogí ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun náà ti wọ aṣọ Sooting rí. Àwọn akọni wa ti kó lọ sókè òkun, tẹlifíṣọ̀n oní-díìṣì sì dé, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé wọn lọ. Kanu wọ Arsenal ní 1999, Mikel wọ Chelsea ní 2006. Mi ò lè bá ọmọdé jà torí pé ó tẹ̀ lé Kanu.

Àmọ́ kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n nìkan ló lé èèyàn kúrò. Mo bá àwọn alátìlẹ́yìn lọ sí ìlú kan tí màá fi orúkọ bò láṣìírí. A ti ń borí bọ̀ kí rẹfirí tó fún wọn ní pẹnárítì nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Aṣọ́lé wa mú un. Bí fèrè ìparí ṣe dún báyìí, òkò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì la dùbúlẹ̀ sí, gíláàsì ń já lé wa lórí, ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó tì mí ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí, dẹ́rẹ́bà ò sì dúró títí a fi jáde nílùú. Lára àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ò bá wa jáde mọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Mo tún mọ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lówó oṣù títí tó fi ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ síbi ìgbáradì. Báwo lonítọ̀hún ṣe fẹ́ fún ọ ní eré tí wàá sanwó wò?

Tọ́rọ̀ yìí bá jẹ ọ́ lógún, wá sí pápá Adamasingba n'Íbàdàn lọ́jọ́ tí Sooting bá ń gbàlejò Rangers ti Enugu. Tètè dé, kí o jókòó sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó mọ 1976. Wọn ò ní dúró kí o bi wọ́n kí wọ́n tó sọ fún ọ.