Ṣé dókítà tó ń kọ oògùn ni ọmọ mi máa dà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin ka Physiology ní Zaria, ó gba second class upper, ó sin ìjọba tán ní Minna. A ní kó wáṣẹ́, ó ní rárá, PhD neurobiology lòun ń lọ kà l'Ámẹ́ríkà. Bàbá ẹ̀ ní ẹni tí ò tíì gba másítà, báwo ló ṣe fẹ́ fò lọ sí PhD? Ta ló sì fẹ́ sanwó ẹ̀? Ṣé dókítà tó ń kọ oògùn náà ló máa dà? — Ìyá Bọ́sẹ̀, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ti oògùn yẹn, rárá o, dókítà ìwé ni, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló máa máa wádìí, kò ní yẹ aláìsàn kankan wò.

Bàbá ò kúkú jẹ̀bi, torí níbí másítà la máa ń kọ́kọ́ gbà. Àmọ́ l'Ámẹ́ríkà ọ̀pọ̀ fásitì ń gba ẹni tó ní dígírì àkọ́kọ́ nìkan, ó sì sábà máa ń gba ọdún 5 sí 6. Lọ́dún àkọ́kọ́ á máa lọ kíláàsì, á sì máa ti láàbù kan bọ́ sí òmíì, bíi méjì mẹ́ta, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú, kó tó wá mú èyí tó máa jókòó sí. Tó bá ti tó bí ọdún kejì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á pè é jókòó, wọ́n á ní kó ṣàlàyé ìwádìí tó fẹ́ ṣe, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ó. Tó bá yege, ó ku iṣẹ́ gan-an nìyẹn: ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, kó kọ ọ́ síwèé, kó sì dúró gbèjà ẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ má talẹ̀ o! Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó iléèwé lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú PhD yìí, wọ́n tún máa ń fún wọn lówó oúnjẹ. Owó fọ́ọ̀mù ló máa ń dunni, dọ́là ni, àmọ́ ẹ ní kó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, àwọn kan máa ń yọ̀ǹda ẹ̀. Kó má sì wá orúkọ neurobiology nìkan o, ní Harvard, ẹ̀ka Neurobiology ti wà níbẹ̀ láti 1966, síbẹ̀ Neuroscience ni PhD wọn ń jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó gbájú mọ́ ni lẹ́tà mẹ́ta táwọn olùkọ́ máa kọ nípa ẹ̀. Second class upper dáa, àmọ́ ẹni tó ti rí ọwọ́ ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni lẹ́tà ẹ̀ máa ń wúwo. Kó padà sí láàbù kan, kódà kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà témi ń ṣe másítà, ọpọlọ eku la máa ń gé, ó ti le bíi wàràkàṣì nínú fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, a ti fi ìda bíi ti àbẹ́là bò ó, a ó wá máa fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ, irun orí kan nípọn jù ú lọ bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ooru ń pa wá, a ò gbọdọ̀ tan fáànù, torí atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti fò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tíná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta, dísù ò sí, ohun tí mo kó sí fíríísà yọ́ pátá, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kó lọ rí irú ẹ̀ ná, á mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ.

Oṣù December ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń tì. Láti August ni kó ti máa tọ àwọn olùkọ́ ẹ̀ lọ nítorí lẹ́tà, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n, tí ASUU bá lọ yanṣẹ́ lódì, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù.