Ẹ má dúró dìgbà tí sẹ́tífíkéètì bá wà lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó bi àwọn tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ pé báwo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín ló ń kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ó dáa gan-an, síbẹ̀ tí iye àwọn tó ń wá ń dín kù lọ́dọọdún. Ó ṣẹlẹ̀ sáwa náà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lára àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fáwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn agbẹ̀bí n'Ìbàdàn, ọdún méjì àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù la ṣáà ń kó jọ.

Ìgbà wo lẹ máa ń pín in? Ó dá mi lójú pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta là ń tún láísẹ́ńsì ṣe, tọ́wọ́ èèyàn ò bá sì tẹ sẹ́tífíkéètì MCPDP, ìyẹn ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì, wàhálà ti dé nìyẹn. Wàyí o, ẹni tó ti Ṣakí wá, tó fẹ́ wọ mọ́tò kílẹ̀ tó ṣú, ẹ wá gbé fọ́ọ̀mù ojú ewé méjì lé e lọ́wọ́, ẹ ní tí ò bá kọ ọ́ kò ní gba sẹ́tífíkéètì, kí lẹ fẹ́ kó kọ? Á kàn fa ìlà kan látòkè délẹ̀ lórí 5 ni. Mo rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fún olùkọ́ kan ní márùn-ún nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ yẹn ò wá, ara rẹ̀ ò yá, orúkọ ẹ̀ la ò tíì yọ kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ yẹn lojú mi là.

Ọ̀rọ̀ àgbà tún wà níbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù tó kọ́ wọn láàárọ̀, òun kan náà ló ń kọ APER wọn níbi iṣẹ́, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ta ló fẹ́ kọ̀wé pé ohun tí Màmá sọ ò yé mi? A tiẹ̀ gbìyànjú WhatsApp, a ní kí kálukú sọ tinú ẹ̀, "ẹ ṣé mà, Ọlọ́run á máa lò yín" nìkan la rí kà, torí àwọn ọ̀gá wọn wà nínú gúrúùpù yẹn. Ẹ ò lè bá wọn wí.

Ohun tó wá ràn wá lọ́wọ́ ò náni lówó. A gé pépà kéékèèké, ìbéèrè méjì péré ló wà níbẹ̀: kí ni ò yé ẹ láàárọ̀ yìí, kí lo fẹ́ ká tún ṣe lọ́la? Kò sórúkọ, kò sí orúkọ ọsibítù, wọ́n á jù ú sínú páálí lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán ọjọ́ kìíní, ẹni tó máa kà á ò sì bá ẹnì kankan nínú wọn ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Tó bá wù wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kò sóhun tó burú.

Ọdún tá a kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya obìnrin lẹ́yìn ìbímọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìwádìí E-MOTIVE tó jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti South Africa, tí ẹ̀jẹ̀ yíya tó le fi 60% dín kù. Ara ohun tí wọ́n lò ni dréèpù, ìyẹn ọ̀rá tó ní ìlà òdiwọ̀n tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá, kí agbẹ̀bí má baà máa fojú lásán díwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, sláìdì lórí sláìdì. Ìgbà tá a tú páálí, àwọn tó ju ìdajì lọ ló kọ ohun kan náà: a rí fọ́tò ẹ̀, ọwọ́ wa ò kàn án rí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la yọ lẹ́kíṣọ̀ kan kúrò nínú tọjọ́ kejì. A lọ yá dréèpù, a se sóbò, a dà á sórí aṣọ bí ẹ̀jẹ̀, a ní kí kálukú fojú díwọ̀n ẹ̀ ná. Àwọn kan pe mílílítà 700 ní 300! Àwọn tó ti gbẹ̀bí fógún ọdún wà nínú wọn. Ìgbà tá a wá da iye kan náà sínú dréèpù tí wọ́n rí ìlà yẹn, gbogbo họ́ọ̀lù dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn náà ni mo dìde tí mo sọ fún wọn pé ẹ sọ báyìí, báyìí la ṣe sí i, ẹ ní họ́ọ̀lù gbóná, ẹ jọ̀ọ́ owó dísù ò tó, a ò rí tìyẹn ṣe. Pépà tó wọ páálí lọ́jọ́ yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàná. Ẹ má fojú kéré ẹjọ́ oúnjẹ àti ooru o, àmọ́ ẹ fún un ní páálí tiẹ̀ kó má baà bo ìyókù mọ́lẹ̀. Inú páálí yẹn la ti rí i tí ìyá ọlọ́mọ oṣù méjì kan kọ ọ́ pé òun ò ríbi fọ́mọ lọ́mú. Ó dùn mí gan-an.

Kirkpatrick ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ láti 1959 pé ìpele mẹ́rin la fi ń wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ṣé wọ́n kọ́ nǹkan, ṣé wọ́n ń lò ó níbi iṣẹ́, kí ló tibẹ̀ jáde. Orí ìpele àkọ́kọ́ la máa ń dúró sí. Àwa wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé Labour Care Guide, ìyẹn pépà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí ìyá tó ń rọbí ṣe ń ṣe sí, tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé) gbé jáde ní 2020, tá a fi odindi ọ̀sán kọ́ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí pépà ẹ̀ ní ọsibítù wọn, àti pé lóru, nọ́ọ̀sì kan ló ń wo gbogbo wọ́ọ̀dù. Olùkọ́ wo ló fẹ́ fi sláìdì tún ìyẹn ṣe? Látìgbà náà la ti ń pe àwọn olórí ibi iṣẹ́ wọn wá fún ààbọ̀ ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lẹ máa ṣe o. Lọ́dún kan ọ̀pọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, a gé e sí méjì, ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe nǹkan la gé, àwọn tá a pè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ò sì lè rántí nǹkan kan. A dá a padà. Ká ní a bi wọ́n pé kí ló mú kó pọ̀ jù, owó ilé tí wọ́n ń sùn ni wọn ì bá sọ.

Tí tiyín bá ti sún mọ́lé, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa ka páálí yẹn ná, kó má jẹ́ ọ̀gá wọn, kó sì jẹ́ ẹni tó lè jókòó lálẹ́ ọjọ́ kìíní pẹ̀lú yín kẹ́ ẹ yí ètò ọjọ́ kejì padà.