Mo ti pa fáìlì wọ́lẹ́ẹ̀tì mi rẹ́ lórí ìkànnì: ṣé ewu ti kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ẹ̀dà wallet.dat, fáìlì wọ́lẹ́ẹ̀tì Bitcoin mi, pamọ́ sínú fódà kan lórí ìkànnì mi, nítorí bí kọ̀ǹpútà mi bá lọ bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wá rí i lórí Google. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pa á rẹ́. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, kò tíì tó àkókò. Ẹ kọ́kọ́ kó owó yẹn kúrò ná, kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun pátápátá lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fáírọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi gbogbo Bitcoin yín ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀.

Inú wallet.dat ni Bitcoin Core, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń lo wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, ń kó àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó ń ná owó yín sí. Bí ẹnìkan bá ti gba ẹ̀dà rẹ̀, pípa tí ẹ pa tiyín rẹ́ kò kan tọwọ́ rẹ̀. Kódà bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lónìí, ti àná ló ṣì máa ṣí ẹ̀dà ti àná. Tí ẹ kò bá fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan sí i rí ńkọ́? Kíá ni olúwarẹ̀ máa kó owó lọ, kò sì sí báńkì tí ẹ máa ké sí pé kó gbà á padà.

Bó ṣe tú síta kò ṣòroó mọ̀. Bí fódà kan kò bá ní ojú ìwé index.html, àwọn sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde) máa ń to orúkọ gbogbo fáìlì inú rẹ̀ fún ẹni tó bá yà síbẹ̀. Àwọn olè mọ èyí dáadáa, orúkọ wallet.dat gan-an ni wọ́n sì ń wá kiri. Ẹ má ṣe gbójú lé robots.txt rárá, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ibi tí Google àti irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yà lórí ìkànnì: gbogbo ayé ló lè kà á, ńṣe ló máa júwe fódà yẹn fún wọn. Bó bá jẹ́ GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, lẹ fi í sí, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú ìtàn iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ẹ bá pa á rẹ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, orí fúláàṣì méjì ni kí ẹ̀dà wà, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó gùn. Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun bá fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí a fi ń gba wọ́lẹ́ẹ̀tì padà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á ní fọ́tò, torí ọ̀pọ̀ fóònù ló ń gbé fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ẹ má tíì ju wọ́lẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn nù o. Ẹ fún gbogbo àwọn tó ń sanwó fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, bí owó kan bá sì ṣèèṣì wọlé síbi àtijọ́, ẹ tètè kó o kúrò.