Ṣé jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò tó fún egbò ẹsẹ̀ Bàbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Egbò kan ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ṣe ọyún, ó ń rùn, àmọ́ wọ́n ní kò dun àwọn. Ní kẹ́míìsì, wọ́n ní ká ra jẹ́ẹ̀lì tó ní fàdákà nínú. Àbúrò mi ní ká tú kápúsù dà sí i kó lè gbẹ. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú kápúsù sí i. Ṣe ló máa dì mọ́ ojú egbò, kò sì ní dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Kò tiẹ̀ yẹ kí egbò gbẹ. Láti 1962 ni oníwádìí kan, George Winter, ti fi hàn lára ẹlẹ́dẹ̀ pé ọgbẹ́ tí a bò kí ó lè tutù díẹ̀ máa ń tètè hu awọ ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun tí jẹ́ẹ̀lì wúlò fún nìyẹn. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó máa ń rọ ẹran tó ti kú títí yóò fi ṣí kúrò. Fàdákà inú rẹ̀ ń pa kòkòrò, àmọ́ ti ojú egbò nìkan. Bí kòkòrò bá ti wọ inú ẹran tàbí eegun, oògùn tí wọ́n ń mu tàbí abẹ́rẹ́ ló lè bá a níbẹ̀, nígbà mìíràn ó di ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ. Egbò tó ń ṣomi púpọ̀ kò sì fẹ́ omi mìíràn: etí rẹ̀ á funfun, á rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀. Nítorí náà, èmi kò ní fi jẹ́ẹ̀lì sí ti Bàbá báyìí.

Pé kò dùn wọ́n gan-an ló ń já mi láyà. Àtọ̀gbẹ lè ti ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí. Dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kan eegun, á yẹ ṣúgà ara wọn wò, á sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀. Bí ara wọn bá gbóná, tí wọ́n ń gbọ̀n, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá dúdú, ẹ má dúró di ọ̀la, kódà bó jẹ́ òru.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi omi tí ẹ sè tó ti tutù ṣan án, ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó, kí Bàbá má sì fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Tí ọyún bá dáwọ́ dúró tí egbò wá gbẹ jù, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà nípa jẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn.